Kọ́nẹ́ẹ̀lì tí a kò bí: Ìtàn orin ìyan ológun kan

Ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin ijó, kì í sì í ṣe orin ìjọsìn. Orin tí àwọn ológun fi ń yan ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní máàṣì. Ẹni tí ó bá ti dúró rí níbi tí àwọn ọmọ-ogun tàbí àwọn ọlọ́pàá ti ń yan ní ọjọ́ àyẹ́sí yóò ti rí bí ẹgbẹ́ onífèrè ti máa ń ṣíwájú, tí ìlù ńlá ń dún kìì, kìì, tí ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì ń balẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí ariwo àyẹ́sí lásán. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, orin tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1914, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Colonel Bogey".

Orin náà ṣe àjèjì ní ọ̀nà mẹ́ta. Kọ́nẹ́ẹ̀lì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é kò sí láyé rí. Orúkọ tí ó wà lórí ìwé orin náà kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Orin náà fúnra rẹ̀ kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, fèrè àti ìlù nìkan ni. Àyè mẹ́ta tí ó ṣófo yìí ni ọmọ aráyé rí, tí wọ́n sì fi ohun tí ó wà lọ́kàn wọn kún un, títí tí ẹni tí ó ṣe orin náà fi di àlejò nínú ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Kí a tó máa lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí máàṣì jẹ́. Ohun èlò iṣẹ́ ni kí ó tó di ohun ìgbádùn. Bí àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń yan kíákíá, ìgbésẹ̀ bí 120 ni wọ́n ń gbé láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù ńlá ni ó sì ń sọ fún ẹsẹ̀ òsì ìgbà tí yóò balẹ̀. Orin náà a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpè kúkúrú, bí onílù tiwa ti máa ń fi ọ̀pá kan ìlù kí ó tó wọ inú ìlù gan-an. Lẹ́yìn èyí ni apá kìíní, tí wọn yóò fọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni apá kejì. Lẹ́yìn náà ni orin yóò yí ohùn padà sí apá mìíràn tí ó tutù díẹ̀, tí ó sì dùn ún kọ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe máàṣì kò ní òmìnira púpọ̀. Kò lè sáré, kò lè fà á. Ẹsẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀.

Frederick Joseph Ricketts ni orúkọ ẹni tí ó ṣe orin yìí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1881 ni a bí i ní apá ìlà-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò èédú inú ilẹ̀ ni baba rẹ̀. Baba náà kú nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, ìyá náà sì tẹ̀lé e kí ọmọ tó bàlágà. Ọmọ òrukàn ni ó jẹ́, nítorí náà, nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1895 gẹ́gẹ́ bí ọmọdé onífèrè nínú Royal Irish Regiment. Ìwọ̀nba dùùrù tí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ni ó mú dání. Abẹ́ àwọn onífèrè yìí ni ó ti dàgbà, ó bá wọn dé ilẹ̀ Íńdíà, ó mọ kọ̀nẹ́ẹ̀tì fọn dáadáa, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ṣàkíyèsí rẹ̀. Ní ọdún 1904 wọ́n rán an lọ sí Kneller Hall, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún àwọn onífèrè ogun. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1908, ó ti di olórí ẹgbẹ́ onífèrè fún bàtálíọ̀nù kejì ti Argyll and Sutherland Highlanders, àwọn ọmọ-ogun Skọ́tílándì tí wọ́n wà ní Gúúsù Áfíríkà nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ bàtálíọ̀nù yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà pàdé wọn.

Nípa ti orúkọ tí ó fi pamọ́, àlàyé rẹ̀ kò le. Àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò fẹ́ kí ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ọba máa fi orúkọ ara rẹ̀ tajà níta. Ricketts bá wá agọ̀ kan gbé wọ̀, bí eégún, ó sì ń jẹ́ Kenneth J. Alford. Àbúrò rẹ̀ tí òun náà jẹ́ olórí onífèrè ṣe bákan náà, Leo Stanley ni ó pe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú agọ̀ ti ẹ̀gbọ́n wò, nítorí aṣọ tí ó fi rán an wú mi lórí. Kenneth ni orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Alford ni orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ti wá, ìyá tí ó kú tí ó fi í sílẹ̀ nígbà ọmọdé. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó wà láàárín méjèèjì, ìyẹn J, ni ó mú láti inú orúkọ tirẹ̀. Ó fi ọmọ síwájú, ó fi ìyá sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ sì há sí àárín bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí òun. Bí a bá ń sọ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ti ọkùnrin yìí yàtọ̀, nítorí òun ni ó hun ìjánu tirẹ̀.

Ní ọdún 1914, bàtálíọ̀nù náà ti wà ní Fort George, odi ogun àtijọ́ kan tí ó wà létí òkun ní àríwá Skọ́tílándì, nítòsí ìlú Inverness. Eré gọ́ọ̀fù ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń najú. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọ̀gágun kan wà tí Ricketts ń bá pàdé lórí pápá. Bí ọkùnrin yìí bá gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì yẹ kí ó pariwo láti kìlọ̀ fún ẹni tí ó wà níwájú, kì í pariwo. Ńṣe ni ó máa ń súfèé, ohùn méjì péré, èkíní lókè, èkejì nísàlẹ̀. Ohùn méjì yìí ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀. Nínú dò-rè-mì tí ẹ̀yin olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ lórin, sò àti mì ni. Ẹ fi ẹnu dán an wò: sò, mì. Ìyókù orin náà jẹ́ èsì sí ìpè yẹn.

Ta wá ni Bogey? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe iwin tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé, ohun ni Bogey yìí ti yọ. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni àwọn agbágọ́ọ̀fù bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ náà pe alátakò kan tí a kò lè fi ojú rí, ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe, tí ó máa ń fi iye ìgbá tí ó tọ́ gan-an parí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń gbá gọ́ọ̀fù, iwin yìí ni ó ń bá díje. Nígbà tí eré náà sì dé àárín àwọn ológun, tí olúkúlùkù wọn ní oyè, wọn kò lè jẹ́ kí alátakò wọn wà láìní oyè. Wọ́n fi í jẹ Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èrò bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń wo bí báǹdì ti ń kọjá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, iwin orí pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń fi orin náà yẹ́ sí. Ẹ̀fẹ̀ ni ó wà ní ìdí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀. Bàtálíọ̀nù tí ó wà ní Fort George wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọdá sí ilẹ̀ Faransé, nígbà tí oṣù náà yóò sì fi parí, wọ́n ti ja ìjà Le Cateau, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣòfò. Orin náà bá àwọn ológun lọ kiri. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹni tí kò ní fèrè lè fi ẹnu súfèé rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi sí i kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn. Láàárín ogún ọdún, ìwé orin náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ọ̀rọ̀ fífi sórí orin yìí ni n óò fẹ́ dúró lé díẹ̀. Orin òyìnbó lè gba ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń yí ìtumọ̀ padà bíi tiwa. Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orin ìsìn àwọn òyìnbó mọ ohun tí ojú wọn rí: ọkọ a di ọkọ̀, igbá a di igba, ìjọ yóò sì máa kọrin tí àjèjì kò lè mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ní tiwa, bí ìlù bá ti dún, ọ̀rọ̀ ti dé. Síbẹ̀ ìlù tiwa pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ olófòófó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà ń fi ìlù pe ara rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ láyé àwọn òyìnbó, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ kí ìlù náà sọ. Àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ ọ, wọ́n ní rárá o, ńṣe ni ìlù ń béèrè ẹni tí yóò gorí oyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ohùn èdè ṣì ń ká ará Ìbàdàn lọ́wọ́ kò, kò lè gbọ́ ohun tí ìró ìlù kò gbà. Sójà Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tí ó ká a lọ́wọ́ kò.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé ní ọdún 1939, wọ́n ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí. Wọ́n sọ "Colonel Bogey" di orin èébú fún Hitler, wọ́n ní nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò pé, wọ́n sì pín àbùkù tó kù fún Göring, Himmler àti Goebbels lẹ́sẹẹsẹ. N kò ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbọ́ wa. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ricketts ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti fi Skọ́tílándì sílẹ̀ láti ọdún 1927 lọ sọ́dọ̀ àwọn Royal Marines, àwọn ọmọ-ogun orí omi; láti ọdún 1930 ni ó sì ti ń darí báǹdì wọn ní ìlú Plymouth. Aṣọ àyẹ́sí ni ó ń wọ̀, ọ̀pá ìdarí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbé ọ̀pá sókè tí àwọn onífèrè rẹ̀ sì fọn sò, mì, kò sí ọmọdé kan létí ọ̀nà tí kò mọ ọ̀rọ̀ tí ó kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí Ìlà-Oòrùn. Bàtálíọ̀nù kejì ti Argyll, èyí tí Ricketts ti darí àwọn onífèrè rẹ̀ fún bí ọdún mọ́kàndínlógún, wà ní Màléyà nígbà tí àwọn Jàpáànì ya wọ ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1941. Wọ́n jà títí wọ́n fi fà sẹ́yìn dé Singapore. Àwọn ìyókù wọn wà lára àwọn tí ó kẹ́yìn sọdá afárá ibẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1942, pẹ̀lú àwọn afọnfèrè alápò ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, Singapore ṣubú, wọ́n sì di òǹdè. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n kó lọ sí ibi tí àwọn Jàpáànì ti ń la ojú irin láti Táílándì lọ sí Bọ́mà. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 415, inú igbó àti àpáta ni ó gbà, oṣù kẹwàá ọdún 1943 ni wọ́n parí rẹ̀. Òǹdè ogun tí ó ju 60,000 lọ ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èyí tí ó ju 12,000 kú nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ará Éṣíà tí wọ́n kó láti Bọ́mà, Màléyà àti Jáfà pọ̀ ju wọ́n lọ fíìfíì. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé bí 90,000 ló kú nínú tiwọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da èyí pọ̀ mọ́ ogun Bọ́mà tí àwọn baba tiwa lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà nínú ìpín ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà ní apá kejì ilẹ̀ náà, ní Arákàn àti àfonífojì Kaladan, láti ìparí ọdún 1943 lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú irin yìí ni Pierre Boulle, ará Faransé, fi kọ ìtàn àròsọ ní ọdún 1952. Ní ọdún 1957 ni David Lean sọ ọ́ di sinimá tí ó pè ní "The Bridge on the River Kwai". Ilẹ̀ Sílọ́ọ̀nù, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ni wọ́n ti yà á. Ẹni tí ó bá ti wò ó kò lè gbàgbé bí àwọn òǹdè ti wọ inú àgọ́: aṣọ wọn ti ya, bàtà wọn ti fẹnu sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n to ara wọn bí ológun, wọ́n ń yan, wọ́n sì ń súfèé "Colonel Bogey". Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi sọ ọ́, nítorí gbogbo ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jókòó sí ilé sinimá mọ èébú tí ó wà lábẹ́ súfèé náà. Ọ̀tá tí ó ń ṣọ́ wọn nìkan ni kò gbọ́. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ti lo orin náà dáadáa jù lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bí onílù ọlọ́gbọ́n ti í bú ọba tí ọba sì ń jó, bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí orin náà ṣe nínú sinimá kò mọ síbẹ̀. Nínú ìtàn tí Lean fi hàn, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tí Alec Guinness ṣe ipa rẹ̀ fi tọkàntara kọ́ afárá tí ó dára fún ọ̀tá. Àwọn tí ó yè bọ̀ láti ibẹ̀ bínú gidigidi sí i, nítorí pé Philip Toosey, ọ̀gágun tí ó jẹ́ olórí àwọn òǹdè tí ó kọ́ afárá gan-an, sa ipá rẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ènìyàn rẹ̀ àti láti fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn ni. Àwọn 90,000 ará Éṣíà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn nínú rẹ̀. Sinimá náà gba ẹ̀bùn Oscar méje, súfèé náà sì gba inú ayé kan. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá gbọ́ orúkọ ojú irin ikú yẹn, orin adùn-ún-gbọ́ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn. Mo rò pé èyí tó ohun tí olùkọ́ ìtàn yóò fi ṣe ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àdàlù kan tún wà tí ó yẹ kí a là. Malcolm Arnold ni ó ṣe orin sinimá náà. Ó ṣe máàṣì tirẹ̀ tí wọ́n lè fọn pọ̀ mọ́ ti Ricketts, kí méjèèjì máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìforí gbárí. "The River Kwai March" ni orúkọ rẹ̀. Mitch Miller ará Amẹ́ríkà wá gbé méjèèjì papọ̀ sínú àwo orin kan, àwo náà tà lọ́pọ̀lọpọ̀, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti mọ èyí tí í ṣe ti ta. Ẹ tẹ́tí sí ohùn méjì tí ó já wálẹ̀ yẹn, sò, mì. Ti Ricketts ni.

Òun kò rí sinimá náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 ni ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ara rẹ̀ kò sì dá mọ́. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1945 ni ó kú, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí ogun parí ní Yúróòpù. Ẹ̀tọ́ àwọn àrólé rẹ̀ lórí orin náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán nígbà tí àádọ́rin ọdún pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni ó sì ti di ti gbogbo ènìyàn ní ìwé òfin. Ní ẹnu, ó ti di tiwọn tipẹ́.

Máàṣì mìíràn wà tí ó ṣe ní ọdún 1918, tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi í ṣeré. "The Vanished Army" ni ó pè é, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun tí ó ti pòórá. Ó fi í rántí àwọn 100,000 ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ ṣubú nínú ogun náà. Ẹgbẹ́ àwọn tí ó bá a gbé ní Fort George wà nínú wọn, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti bá fèrè rẹ̀ rìn kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ. Máàṣì ni lóòótọ́, ẹsẹ̀ lè bá a lọ, ṣùgbọ́n ojú orin náà le koko, a sì ń gbọ́ díẹ̀ nínú "Tipperary" tí àwọn ọmọkùnrin náà máa ń kọ, bí ẹni pé láti òkèèrè. Nínú orin yìí, kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí iwin, àwọn tí ó ń yẹ́ sí jẹ́ ènìyàn gidi. Síbẹ̀, agọ̀ náà ni ó gbé wọ̀, Kenneth J. Alford ni ó kọ sórí rẹ̀. Àwọn báǹdì ológun ṣì ń fọn ún títí di òní, bí wọ́n bá ń rántí àwọn òkú wọn. N kò tíì pàdé ẹni tí ń súfèé rẹ̀ lọ lójú títì.